Ẹ̀rọ Tó Ń Jù Kúkúrú

Ọmọ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́: 260,000.
Ohun tí ẹni tó bá wa gbà á lórí fóònù yọ: 400.
Ọkọ̀ lọ sí ìgboro, àlọ àti àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì: 2,400.
Purojẹ́kítọ̀: 195,000.
Pákó, ìkọ́ àti ìṣó: 3,600.
Aṣọ funfun tó nípọn, yáàdì mẹ́jọ: 8,800.
Òwú ìránṣọ: 500.
Oníṣẹ́ iná: 7,000.
Ẹran: 2,000.
Àpapọ̀ ìnáwó: 219,700. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ẹtì: 40,300. Má tíì yọ̀ o, ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ ná.

Má bínú pé mo fi ìṣirò ṣáájú ìkíni. Ìyá rẹ ní kò bójú mu, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, bí o bá rí ìkíni gígùn lókè ìwé, àyà rẹ á ti máa já pé ta ló kú. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Ṣé òrùlé yàrá rẹ ò jò mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lọ́nà, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, ojú ọ̀gá rẹ kò ní kúrò lára iṣẹ́ rere ọwọ́ rẹ. Àwa náà wà. Orúnkún mi nìkan ni kì í gbọ́ràn, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó, èmi àti ẹ̀ kì í jà.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wa gba owó náà pé kí ni owó jẹ lójú ọ̀nà tó fi dín ní irinwó. Ó ní owó iṣẹ́ ni. Mo ní iṣẹ́ wo, nígbà tí owó fúnra rẹ̀ ló rìn wá.

Ó dára. Gbogbo ohun tí o fi rán awakọ̀ ti dé: ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù, àwọ̀n, kápẹ́ẹ̀tì tó dà bíi koríko, kọ̀ǹpútà rẹ àtijọ́, ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan àti bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Mo kà wọ́n níṣojú rẹ̀. O ní ó ku purojẹ́kítọ̀ tí yóò ju àwòrán pápá sára aṣọ, kí èèyàn lè dúró nínú yàrá, kó gbá bọ́ọ̀lù lu aṣọ, kí bọ́ọ̀lù náà sì máa lọ nínú àwòrán. O ní kí n wọn yàrá, kí n lọ fi ojú ara mi yan èyí tó bá yẹ, kó ti wà ní ìdúró kí o tó dé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ìsinmi rẹ, òmíràn sì di ọdún tó ń bọ̀. O ní mo ti gbé àpò fún àwọn ẹlòmíràn ní pápá gọ́ọ̀fù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìgbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, torí wọn kì í jẹ́ kí àwa agbápò gbá a. O ní nígbà tí dókítà ti wá ní kí n má rin pápá mọ́, pápá ni yóò wá bá mi nílé.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ fún ìyá rẹ pé èéfín ló kó sí mi lójú. Ó ní kò sẹ́ni tó ń dáná.

Yàrá ìránṣọ ìyá rẹ ni mo wọ̀n. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún, fífẹ̀ rẹ̀ mọ́kànlá, gíga rẹ̀ mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Mo tún un wọ̀n láti ògiri kejì bóyá yóò gùn sí i. Kò gùn sí i. Ìyá rẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní n ó máa san owó yàrá lóṣooṣù. Mo rò pé eré ló ń ṣe, àfi ìgbà tí mo rí i nínú ìwé oníbàárà rẹ̀, ó kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó.

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ní ìgboro, oníṣọ́ọ̀bù gbé méjì kalẹ̀. Ọ̀kan 195,000, èkejì 278,000. Mo béèrè ìyàtọ̀ wọn. Ó ní èyí tó wọ́n ló ń jù kúkúrú, èyí tí kò wọ́n ló ń jù jìnnà. Ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù ni mo fi ayé mi dúró sí, mi ò tíì rí ẹnì kan tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún nítorí pé tirẹ̀ bọ́ sí ìtòsí. Mo ní kí ló dé tí èyí tó ń jù kúkúrú fi wọ́n. Ó ní nítorí pé èyí tó ń jù kúkúrú ló ju èyí tó ń jù jìnnà lọ. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo rí i pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń tà, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ó tún ní iná inú èyí tó wọ́n yóò ṣiṣẹ́ fún ogún ẹgbẹ̀rún wákàtí kó tó kú, ti èkejì ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mo sọ fún un pé n ó lọ ronú sí i. Mo délé, mo mú bírò. Bí mo bá ń fi wákàtí méjì gbá bọ́ọ̀lù lójúmọ́, ogún ẹgbẹ̀rún wákàtí di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọjọ́, ìyẹn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ó lé oṣù mẹ́rin. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Yóò gbé mi dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Kí ni mo fẹ́ fi ìyókù iná ṣe? Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wákàtí jẹ́ ọdún márùn-ún àti ààbọ̀, ìyẹn ṣe wẹ́kú mi. Mo padà lọ, mo ra èyí tó ń jù jìnnà.

Wọ́n kọ 4K gàdàgbà sára páálí rẹ̀, ìyẹn kílò mẹ́rin. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo yà sọ́dọ̀ alápatà pé kó bá mi gbé e sórí ìwọ̀n. Kílò mẹ́ta àti ààbọ̀, tòun ti páálí o. Alápatà náà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, pé ẹran náà máa ń fúyẹ́ bó bá pẹ́ lórí àtẹ. Ojú tì mí láti lo ìwọ̀n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí o fi rí ẹran nínú ìṣirò.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ fún ìyá rẹ, mo rò pé yóò yìn mí. Ṣe ló dá iṣẹ́ dúró. Ó ní ta ló sọ fún mi pé ibẹ̀ ni mo máa dé, ṣé oníṣọ́ọ̀bù ni àbí páálí. Ó ní ọkùnrin tó ń ṣọ́ owó iná ná ló wá lọ ra ọjọ́ ikú ara rẹ̀ bọ̀ láti ọjà, ó tún gba rìsíìtì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rán aṣọ funfun náà lọ, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kí bọ́ọ̀lù má baà fà á ya.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, oníṣẹ́ iná dé. Ẹ-Kọ́kọ́-Paá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ti wọlé èèyàn, kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí pákó lára ògiri ẹ̀yìn, ìyá rẹ fa kọ́tìnnì, ó tan án.

Ọmọ mi, koríko. Koríko tútù tí wọ́n gé, ojú ọ̀run mọ́ gaara lókè rẹ̀, nínú yàrá tí ìyá rẹ ń kó àjákù aṣọ sí. Mo ṣí fìlà. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dákẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ-Kọ́kọ́-Paá bi mí pé ta ni mò ń dúró dè. Mo ní mi ò mọ̀.

Mo wá mú ọ̀pá, mo lọ sídìí bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe dúró tán, nǹkan dúdú kan bo pápá náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Òjìji mi ni. Mo gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Ó ba aṣọ, ó já bọ́, ó yí padà wá sídìí bàtà mi. Kọ̀ǹpútà rẹ ní ó lọ yáàdì mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ó sì kó sínú omi. Mo gbé bọ́ọ̀lù náà, mo fi ọwọ́ pa á, ó gbẹ táútáú. Mo nà án sí kọ̀ǹpútà kó rí i. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó tún fi àmì kan jẹ mí níyà. Nígbà tí a wà ní pápá, ẹni tó bá ń kọ irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, a kì í bá a jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo aṣọ náà pẹ́ títí, ó wá ní òjìji mi kò ru nǹkan kan.

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Òjìji tí mo mọ̀ lórí koríko ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àpò méjì ló máa ń wà léjìká rẹ̀, á rí rúdurùdu bí ẹranko tí kò lórúkọ. Èyí dúró ṣánṣán, ọ̀pá kan lọ́wọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ kan àjà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti tó mi. Ìyá rẹ ní ó ti o, ọmọ òun kò fi owó oṣù rẹ̀ ra òjìji, pápá ló rà.

Ìgbà yẹn ni Ẹ-Kọ́kọ́-Paá là mí lóye. Ó ní kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni ẹ̀rọ ń jù, ìmọ́lẹ̀ ni. Èyí tó ń jù jìnnà, ẹ̀yìn ni yóò wà, yóò sì máa ju ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ mọ́ àwòrán. Èyí tó ń jù kúkúrú, a ó fi kọ́ àjà ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí aṣọ, agbábọ́ọ̀lù á wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji ò ní sí. Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè é ní èyí tó ń tàn kúkúrú. Ó ní òun kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé e padà. Ọkọ̀, 1,200. Oníṣọ́ọ̀bù gbà láti pààrọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ mẹ́nu ba ààbọ̀ kílò tó fi rẹ́ mi jẹ, pé kó yọ ọ́ nínú owó. Ó ní òun ń bọ̀, ó wọ ẹ̀yìn káńtà, ó pẹ́ kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n kankan. Mo mọ̀ pé ojú ló tì í, mi ò fọ̀rọ̀ náà gún un lójú mọ́. Ìyàtọ̀ owó méjèèjì jẹ́ 83,000. Ó fi 5,000 lé e nítorí páálí tí a ti já, ó di 88,000. Mo san 39,000. Ọgọ́rùn-ún kan ló kù sí àtẹ́lẹwọ́ mi, òun ni mò ń wò bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ láàárín ọdún méjì, wọn yóò tún un ṣe. Mo kún un dáadáa. Ibì kan béèrè síríà nọ́ńbà, mo kọ mẹ́rìnlá, torí òun ni wọ́n fi ń pè mí ní pápá.

Ẹ-Kọ́kọ́-Paá ti gbé èyí tuntun kọ́ sí àjà, kò gba owó kejì. Pápá náà hàn kedere, omi tí wọ́n ní bọ́ọ̀lù mi kó sí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní apá òsì. Ìyá rẹ ti fi ọ̀pá ìwọnṣọ rẹ̀ wọn ibi tí yóò gbé àga rẹ̀ sí, ó ní níbẹ̀ ni òun yóò máa jókòó fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà, kí n má dá a lẹ́kun. Ó ti fagi lé owó yàrá.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Oníṣọ́ọ̀bù fún wa di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ tí o ń bọ̀ gan-an. Bí owó rẹ̀ kò bá pé, ó ní òun á wá tú ẹ̀rọ òun. Fi 24,500 ránṣẹ́, èmi yóò wá ìdajì tó kù, ìyá rẹ ti ní òun yóò gba aṣọ ilé ìwé méjìlá rán. Má yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Má sì fi owó òrùlé yàrá rẹ san án, torí mi ò lè máa gbádùn ojú ọ̀run inú aṣọ kí òjò máa pa ọmọ mi. Bí kò bá ṣeé ṣe, wá bẹ́ẹ̀, kí a fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jókòó ti ara wa, ògiri kò ní sá lọ.

Ẹ-Kọ́kọ́-Paá ní kí n dán an wò kí o tó dé. Mo kọ̀. Mo ti fọwọ́ kan ọ̀pá olówó tó, mi ò fẹ́ kí bọ́ọ̀lù tí mo máa gbá gẹ́gẹ́ bí tèmi jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ṣì lẹ́nu nínú rẹ̀.

Ohun tí o ṣe fún mi, ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe é fún ọ, orúnkún rẹ yóò sì wà ní líle láti fi gbà á. Ọlọ́run yóò mú ọ délé láyọ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o jẹun kí o tó wọkọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.

Aṣọ wà lára ògiri, ẹ̀rọ wà ní àjà, bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì gbá a láti ìgbà tí èyí tuntun ti dé. Gbèsè tó kù: 49,000.