Ṣokoléètì Rídíwáànù

"Apààyàn ni ẹ́! Jókòó síbẹ̀, ọlọ́pàá á wá bá ẹ níbẹ̀. Tí ọmọ yẹn bá ti ọsibítù dé, mílíìkì ni n ó máa fún un mu láàárọ̀ láàárọ̀, títí oró tó o fún un á fi wẹ̀ kúrò lára ẹ̀!"

Màámi ọ̀wọ́n,

Ohun tí Àǹtí Sikírá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín nìyẹn. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Ibi tó ti fa irun tu lórí mi ń ta mí bí ata. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ mi lọ́rùn, kò sì sómi níbí tí mo lè fi ṣàn án.

Rídíwáànù àbúrò mi ò kú o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn. Wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́. Bọ̀dá Múfú tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nísàlẹ̀ ilé wa ló gbé e sáré lọ sí ọsibítù, òun náà ló padà wá sọ fún mi lójú fèrèsé pé ó ti ń mí dáadáa. Àbí ẹ ti mọ̀? Mo máa ń rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́ gbogbo nǹkan báyìí.

Súrà tí wọ́n fún un ní ilé kéú ló há sórí. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń kà á fún ewúrẹ́. Ọmọ tó bá há tiẹ̀ sórí gbọ́dọ̀ pín nǹkan fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn sì máa ń pín súìtì oní-mílíìkì. Mo ní tiẹ̀ ò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo ní n ó ṣe ṣokoléètì yín.

Mo ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é. Mo da òróró àgbọn sínú abọ́, mo gbé e lé orí omi gbígbóná, mi ò gbé e lé iná gan-an, torí ẹ máa ń sọ pé òróró àgbọn kì í fẹ́ ìyà. Mo da ṣúgà tí mo ti lọ̀ kúnná sí i, mo da kòkó sí i. Mo lọ ra kòkó náà ní Òkè Àrin fúnra mi, mo sì ní kí ìyá tó ń tà á tú u kí n fi ìka tọ́ ọ wò, bíi tiyín. Ó korò burúkú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé èyí tó bá dùn lẹ́nu, wọ́n ti da mílíìkì mọ́ ọn. Mo fi iyọ̀ ṣín-ún sí i. Mo ń rò ó, mo ń ka Fátíà lọ, títí ó fi jọ̀lọ̀. Kò pẹ́ rárá. Ó ku kí n dà á sínú àwo yìnyín, kí n ju ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan sí i, kó sì dì.

Ṣùgbọ́n kò síná. Mo gbé kúlà, mo sáré lọ ra yìnyín ní ìkóríta.

Nígbà tí mo máa fi dé, Àǹtí ti bá mi dà á sínú àwo tán. Rídíwáànù jókòó sílẹ̀, abọ́ wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń lá a. Ẹ mọ̀ pé òun ló ń lá abọ́. Ọ̀rá mílíìkì oníyẹ̀fun wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ti ya ẹnu ẹ̀. Àǹtí ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní ohun tí mo sè dúdú bí àgbo, òun ti bá mi tún un ṣe, kó lè jọ nǹkan téèyàn á fún ọmọlọ́mọ jẹ.

Màámi, mi ò tíì sọ kúlà yẹn kalẹ̀ tí ètè ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n rẹ sómi. Ojú ẹ̀ dí. Ó ń ha ara ẹ̀ lọ́rùn, àyà ẹ̀ sì ń dún bí ẹ̀rọ tó ń fa omi níbi tí ò sómi.

Ẹ mọ ohun tí Àǹtí ṣe? Ó kígbe pé ọmọ ti jẹ májèlé. Ó fi ọ̀bẹ gún agolo mílíìkì, ó há Rídíwáànù mọ́ itan, ó fọwọ́ ya ẹnu ẹ̀, ó ń dà á sí i lọ́fun. Kí oró lè kú. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé mílíìkì ló ń pa oró. Àwọn tó ń kun mọ́tò ní Olówógbowó ńbí, òun ni wọ́n ń mu tí wọ́n bá ṣíwọ́.

Mo sọ fún un. Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, òun gan-an ló ń pa á. Ó ṣì ń dà á. Mo gbá agolo, kò jábọ́. Mo bá gé ọwọ́ ẹ̀ jẹ. Mo gé e jẹ títí eyín mi fi kan eegun. Ó fi orógùn là mí lórí, mo já agolo gbà, mo fi gún un níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ sì dà wálẹ̀ sí ojú ẹ̀, ó dà pọ̀ mọ́ mílíìkì nílẹ̀, ilẹ̀ wá rí pupa rúsúrúsú. Mo tún gún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

Inú mi dùn. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Inú mi dùn bí mo ṣe ń ṣe é.

Wọ́n fà mí kúrò lára ẹ̀, ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Múfú gbé Rídíwáànù sá jáde. Àǹtí wá di irun mi mú, ó ń gbá orí mi mọ́ ògiri, ó ń wí fáwọn èèyàn tó kún ẹnu ọ̀nà.

"Mílíìkì ni èmi fi sí i o. Mílíìkì kì í pààyàn, oró ló ń pa. Ohun yòókù tó wà nínú abọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí ló fọwọ́ ara ẹ̀ kó o sí i."

Gbogbo wọn mi orí. Ó bọ́gbọ́n mu létí wọn. Mo ní ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé mílíìkì ò bá ara ẹ̀ mu, Ìyá Sùbáírù tó wà ní yàrá kejì bú sẹ́rìn-ín.

"Àìsàn àwọn olówó Ìkòyí nìyẹn, jàre. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó wo ni mílíìkì ń pa?"

Nígbà tí Bọ̀dá Múfú ti ọsibítù dé, ó ní dókítà pàápàá sọ pé mílíìkì ni. Àǹtí ní ọmọdé ni dókítà yẹn, pé ọmọ mélòó ló ti tọ́ rí.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un kẹ́ ẹ tó lọ sọ́run? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi nìkan lẹ sọ fún, èmi tẹ́nikẹ́ni kì í gbọ́ tẹnu mi? Ẹ̀ bá tiẹ̀ pariwo ẹ̀ nínú àgbàlá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò kórìíra Rídíwáànù. Ẹran tó tóbi jù lọ, òun ló ń fún. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń gbé e sí tó bá ń sunkún yín. Tó bá jẹ́ ìkórìíra ni, á sú u lọ́jọ́ kan. Ìfẹ́ ni yóò fi ya ẹnu ẹ̀ da mílíìkì sí i láàárọ̀ ọ̀la, àti ọ̀tunla, títí ọjọ́ tí Bọ̀dá Múfú ò ní sí nílé.

Bàbá pè láti Kòtónù. Àǹtí gbé fóònù sí ẹnu ilẹ̀kùn kí n lè gbọ́. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ ẹ̀gbọ́n òun, ó ní tí mo bá ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n lọ jókòó ti Rídíwáànù lọ́sibítù, torí ó ń ké pè mí, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan òun. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àǹtí ní òun gbà, tó bá ti jẹ́ pé Ìyá Sùbáírù ló máa se oúnjẹ ẹ̀.

Màá bẹ̀ ẹ́, Màámi. Màá dojú bolẹ̀. Màá ní iṣẹ́ èṣù ni, màá sunkún, ìyẹn ò le fún mi. Màá jókòó ti Rídíwáànù títí dókítà á fi ní ó lè máa lọ, a ò sì ní padà sílé yìí. Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú la máa wọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyá yín. Màmá ò ní fíríìjì, wọn ò ní agolo mílíìkì kankan nílé, ẹ̀kọ ni wọ́n ń mu láàárọ̀. Bàbá á gégùn-ún fún mi. Wọ́n á máa sọ ní Olówógbowó pé mo sá torí pé èmi ni mo fún un ní májèlé. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Bọ̀dá Múfú pàápàá ò ní gbọ́, Rídíwáànù gan-an ò ní mọ̀ títí a ó fi dé ibẹ̀.

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Àǹtí lórí àtẹ̀gùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.