Ajá Tí Mo Sọ ní Ẹ̀sanńbọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ọ̀ràn dé. Ẹ̀sanńbọ̀ fo ọgbà láàárọ̀ yìí, ó fa ìró Aláàáké ya. Kò gé e jẹ o—mo tún un wí, kò gé e jẹ—àmọ́ obìnrin náà fi ọwọ́ gbalẹ̀ nígbà tó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti wú. Kí n tó rí bàtà mi wọ̀, gbogbo àdúgbò ti dé. "Irú ajá yẹn, apààyàn ni!" "Rọ́tíwáílà! Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu!" Ibo ni wọ́n ti rí i? Nínú fíìmù. Glory tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà wa ní èmi ni mo ń fún ajá ní ata àti ẹ̀tù ìbọn jẹ. Ẹ̀tù! Èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ibo ni mo ti fẹ́ rí ẹ̀tù?

Ìwé tuntun ni ìwé yìí, kò mọ ìtàn. Ó dáa, kó gbọ́. Aláàáké ni Tinúkẹ́, ará ilé kejì, ọ̀rẹ́ mi fún ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo lọ sí Ìbàdàn fún ìkómọ ọmọ Dáre, ọmọ mi. Kí n tó dé, ó ti gbé àáké ti igi àgbálùmọ̀ tí olóògbé ọkọ mi gbìn sí ààlà wa. Mi ò kí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Dáre gbé ọmọ ajá kan wá kí n má bàa dá wà, mo sì sọ ọ́ ní Ẹ̀sanńbọ̀. Kí ẹni tó létí gbọ́. Èmi kọ́ ni mo dá àṣà yẹn sílẹ̀: ajá bàbá mi ní ìlú Ààyè ń jẹ́ Ẹgbọ́tiyín, gbogbo ìlú ló sì mọ ẹni tí wọ́n ń fi bá wí.

Ọjọ́rú, 3

Ẹgbẹ́ onílé ṣèpàdé lórí mi. Bàbá Akínbọ̀dé, alága wa, ní wọ́n fún mi di ogúnjọ́ oṣù yìí. Bí ajá bá ṣì ń lé Aláàáké nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran ajá ló ń lọ. Inú ìkòkò ọbẹ̀! Ọmọ mi!

Mo dìde, mo rán wọn létí Bíngò, ajá alága fúnra wọn, ajá ìbílẹ̀ pupa tó bu Glory jẹ lójúgun lóṣù kẹfà, tó tún bu ọlọ́kadà kan jẹ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, Bíngò kẹ̀? Ajá ilé lásán ni. Alága ní, "Ìyá Dáre, irú la ń wí."

Ó dáa. Eyín Bíngò kì í ṣe eyín.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Ẹlẹ́ran ajá wá. Ó ní òun kàn fẹ́ fojú rí i. Ó fọwọ́ wọn itan rẹ̀, Ẹ̀sanńbọ̀ sì ń lá a lọ́wọ́—òmùgọ̀ ajá! Mo wọ kíṣìnnì lọ sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Dáre pè. Kò sáyè ní Ìbàdàn, lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í gba ajá. Ó ní dókítà ẹran kan wà ní Ìkòlé níbí, Abdulazeez, yóò wá lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kó sọ fún un kó mú oògùn tó ń mú ajá rọ̀ dání.

Ọjọ́ Ajé, 8

Dókítà ọ̀hún, ọmọdé ni! Mo rò pé kì í ṣe òun. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, Ẹ̀sanńbọ̀ gbórí lé bàtà rẹ̀, ó sùn. Àwọn òròmọdìẹ mi ń gun ajá lẹ́yìn. Ó bi mí ohun tó ń jẹ—ẹ̀kọ, ẹ̀bà, eegun ẹja. Ṣé a ń nà án? Rárá. Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi? Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Ta ló wá ń bínú sí? Aláàáké nìkan.

Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n pe ajá. Mo pè é. Ó jí, ó ń ju ìrù. Ó ní, rárá mà, bí ẹ ṣe máa ń pè é láàárọ̀.

Ojú tì mí. Àmọ́ mo dìde, mo kọjú sí ọgbà, bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ bí Aláàáké bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, mo gbóhùn sókè: Ẹ̀SANŃBỌ̀! Irun ẹ̀yìn ajá dìde. Ó fò mọ́ ọgbà, ó ń gbó bí ẹni pé olè wà níbẹ̀. Lódìkejì, ìró ìgbálẹ̀ dákẹ́.

Abdulazeez bi mí—ọdún mélòó lẹ ti ń pè é báyìí, mà? Mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́? Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mi ò fẹ́ ṣe ìyẹn. Ó ní ajá kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀san. Ohùn mi ló mọ̀, àti ibi tí mo kọjú sí. Irú rẹ̀ ló fún un ní ẹnu ńlá, àmọ́ ẹni tí yóò ya ẹnu náà sí, èmi ni mo fi hàn án. Ó ní, "Ẹ kọ́ ọ dáadáa, mà. Ó sì yege."

Oògùn ńkọ́? Kò sí oògùn. Kí Aláàáké máa fún un lóúnjẹ fúnra rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó máa fohùn jẹ́jẹ́ pè é. Kí èmi pa ẹnu mi mọ́ nídìí ọgbà. Ìyẹn ni pé kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Mi ò lọ.

Ọjọ́rú, 10

Mi ò lọ. Òjò ni. (Òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá.)

Ọjọ́bọ̀, 11

Mo lọ. Ọdún mẹ́ta tí mi ò wọlé náà, ó ti pààrọ̀ kọ́tìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Mo rò fún un, láti orí ohun tí dókítà sọ dé orí orúkọ ajá àti ìdí tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ tó ń dùn ún mú, ó pe orúkọ mi: "Ọmọ́yẹni! O rò pé mi ò gbọ́ ni? Ọdún mẹ́ta lo ti ń fi ajá ṣépè fún mi láti unú ulé rẹ!"

Ẹ̀rín tán. Ó ní ẹ̀rù ajá un ń ba òun. Ó ní òun ò lè jáde run orín láàárọ̀ mọ́, inú ilé lòun ti ń run ún. Mi ò mọ̀. Mo rò pé inú ló ń bí i, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Ó jáde! Ó ju iṣu sísè kọjá ọgbà láti òkèèrè, ó sì sá wọlé. Ẹ̀sanńbọ̀ gbó o ná, kó tó jẹ iṣu.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Lẹ́yìn ìsìn, Aláàáké fi àkàrà sórí ọmọrogùn gígùn, ó nà án sí ajá bí ẹni ń rokà lókèèrè. Ajá rọra mú un. Ó pariwo, "Ó mú un! Ó mú un!" Mo gbàgbé ara mi, mo pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Kò lo ọmọrogùn mọ́. Ọwọ́ ni. Ó ń pe "Ẹ̀san, Ẹ̀san" bí ìgbà tó ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ajá sì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó kí èmi. Mo ń jowú. Èmi tí mo tọ́ ọ!

A sọ̀rọ̀ igi náà lórí ọgbà. Ó ní inú ugi un ti jẹrà, ìjì ìbá wó o lé mi lórí, òun pè mí lórí fóònù, mi ò gbé e. Mo ní, kí ló dé tí o ò sọ nígbà tí mo dé? Ó ní, "Ìgbà wo lo fún mi láyè? Kí n tó ronú bí mo máa ṣe wọlé wá, o ti lájá." Mi ò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Kùkùté rẹ̀ ti di eérú tipẹ́. Àmọ́ mo fún Tinúkẹ́ ní àgbàdo mẹ́fà.

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Ọ̀la ni. Mo fi ọṣẹ wẹ Ẹ̀sanńbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìpàdé àdúrà, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi kan tó ní ẹjọ́. Mi ò purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Wọ́n dé ní aago mẹ́wàá. Alága, àwọn onílé méje, Glory, ẹlẹ́ran ajá pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Tinúkẹ́ dúró ní ẹnu géètì mi. Ẹ̀sanńbọ̀ lọ gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Mo rò pé ó ti parí. Glory ní rárá o, ohùn àárọ̀ ni kí Ìyá Dáre fi pè é, ohùn tí gbogbo wa mọ̀. Alága ní òótọ́ ni. "Ìyá Dáre, pè é bí o ṣe ń pè é."

Mo yanu. Ohùn náà kò wá. Mo tún gbìyànjú, mo ń ké bí ewúrẹ́. Wọ́n ní kí n má ṣe wọ́n ní màgòmágó. Ẹlẹ́ran ajá ń tú okùn rẹ̀.

Tinúkẹ́ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, òun gan-an mọ̀ ọ́n pè. Ó fi ọwọ́ mú ìbàdí, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó kọjú sí mi, ó ní: "Ẹ̀SANŃBỌ̀!"

Èmi ni. Ohùn mi gan-an, bí mo ṣe ń ṣẹnu, ìkà inú mi. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ irun ẹ̀yìn ajá dìde, ó wo Tinúkẹ́, ó wo ibi tó kọjú sí, ó sì yí padà sí mi. Ó ń kùn. Ó ń bọ̀. Mi ò rí ẹnu yẹn láti iwájú rí. Mo fẹ̀yìn rìn, mo jókòó sínú bàsíà aṣọ tí mo rẹ sómi, omi bò mí dé ìdí, mi ò lè pe orúkọ kankan.

Tinúkẹ́ sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ̀san. Ó tó. Wá." Irun náà wálẹ̀. Ajá lọ, ó jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ju ìrù sí gbogbo wa.

Ẹlẹ́ran ajá ká okùn rẹ̀ nílẹ̀. Alága wúkọ́, wọ́n ní kì í ṣe irú, wọ́n ní ajá yóò jókòó sílé rẹ̀, Glory sì ní kí wọ́n so Bíngò náà mọ́lẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ń jiyàn Bíngò lọ sí ojú títì.

Ó ku àwa méjì. Mo ṣì wà nínú bàsíà. Tinúkẹ́ na ọwọ́ tó dára sí mi kó fà mí dìde, mi ò tíì lè dìde. Mo bi í pé, ṣé báyìí ló ṣe ń rí láràárọ̀?

Ó ní, "Láràárọ̀."