Tú Bẹ́líìtì Kí O Tó Gun Yìnyín

Leelo,

Èmi àti Endel aládùúgbò wa ti lọ sí etíkun. Òkun ti dì di yìnyín gbagidi, wọ́n sì ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ orí rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bí o bá máa gba ibẹ̀ wakọ̀ lọ sí ìlú, tú bẹ́líìtì ìjókòó rẹ kí táyà tó kan yìnyín. Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo ń pariwo "Dè é" láti kékeré rẹ. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá fọ́, kò gbọdọ̀ sí ohun tó so ọ́ mọ́ ọkọ̀. Má tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú pẹ́kípẹ́kí, torí bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá ni omi abẹ́ yìnyín ń ru.

Endel ní, "Bàbá Leelo, ọmọ yín mọ ọkọ̀ wà jù yín lọ." Òótọ́ ni, ara mi ò ṣáà balẹ̀ ni. Tí o bá gúnlẹ̀ lódìkejì, dúró, pè mí, kí o wá de bẹ́líìtì padà.

Bàbá