Omi Tó Ń Dà Nímú Mi Tí Mo Bá Ń Sáré

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àjò, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ìyàwó yín àtàwọn ọmọ wà dáadáa? Bàbá kí yín, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́. Èmi náà ti ń dá mọ ògiri, ọ̀gá mi gan-an ń wá wòran.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé ni pé ìyá wa ti gba bàtà tí mo fi ń sáré. Tí mo bá ń sáré, omi á máa dà nímú mi bí ẹ̀rọ omi tí ò ṣeé tì. Wọ́n ní òtútù àyà ni. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní kì í ṣe àìsàn. Téèyàn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, atẹ́gùn àti eruku á rọ́ wọlé, imú á wá máa sun omi kó má bàa gbẹ. Imú àwọn kan ló kàn yára ju tẹlòmíì lọ. Ẹ ò rí i, imú mi gan-an yára!

Màmá ní, "Ìwọ lo bẹ̀ ẹ́ kó purọ́." Bẹ́ẹ̀ imú yìí náà ló ń dà tí mo bá ń ru búlọ́ọ̀kù, wọn ò sì ní kí n jókòó sílé!

Sátidé la máa sá eré ìdíje, kò sì sẹ́ni tó lè lé mi bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Mo mọ̀ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni bàtà náà wà, àmọ́ mi ò fẹ́ jí ohun tó jẹ́ tèmi.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín.

Èmi àbúrò yín, ẹlẹ́sẹ̀ ehoro.