Ara Mùktárù Ti Yá, Ẹjọ́ Sì Dé

Ìdíátù, àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ìyàwó mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, ìjì sì ti ká páànù ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọ̀rọ̀ Mùktárù ọmọ mi ló kù. Ọdún mẹ́ta rèé tí orí rẹ̀ dàrú tó fi àdá ṣá Sàká aládùúgbò wa lọ́wọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn títí yóò fi lè rojọ́.

Dókítà ń fún un lóògùn, ó sì ń ṣàlàyé iṣẹ́ adájọ́ àti lọ́yà fún un. Lánàá tí mo lọ wò ó, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ọwọ́ Sàká ti jinná?" Mo ní wọ́n ti gé e kúrò. Ó bú sẹ́kún. Mo bẹ Ọlọ́run pé kára rẹ̀ yá. Ó yá tán, ẹjọ́ ló kí i káàbọ̀.

O ní kí n sọ fún un pé kó máa tu oògùn dànù, kẹ́jọ́ má bàa wáyé. N ò ní sọ ọ́. Ṣé inú wèrè ni kó gbó sí?

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Bó o bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù mi, sọ fún un pé kó lo oògùn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dákẹ́.

Èmi Lásísì, ẹ̀gbọ́n rẹ.