Màmá Kò Mọ̀ Mí Láàárọ̀ Yìí

Ìkúnayọ̀,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù. Ìyá Hadassah ló jókòó ti Màmá wa títí o ó fi dé. Ògì wọn wà nínú fúláàsì, má fi ṣúgà sí i.

Wọn kò mọ̀ mí láàárọ̀ yìí. Mo gbé omi ìwẹ̀ wọlé, wọ́n fa aṣọ bo àyà, wọ́n ní, "Oga, abeg, who you dey find?" Pijin, Ìkúnayọ̀! Màmá tó máa ń gbá wa lẹ́nu tí a bá sọ ọ́ nínú ilé. Mo ní, "Èmi Olúsànmí ọmọ yín ni." Wọ́n ní ọmọ àwọn ò tíì dàgbà tó mi. Ni mo bá jágbe mọ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bá mi bẹ̀ wọ́n, bí wọn kò tilẹ̀ rántí.

Àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àtijọ́ tí mò ń ka ìwé wọn, àwọn Sítóíkì, ní kí èèyàn máa ro àdánù rẹ̀ kó tó dé. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń ro ikú Màmá láràárọ̀. N kò ro èyí rí, pé wọ́n á wà láàyè, wọ́n á máa wò mí, wọn ò ní mọ̀ mí.

Àwọn Sítóíkì yẹn tún ní ká di ohun tó wà níkàáwọ́ wa mú. Iyè Màmá kò sí níkàáwọ́ wa mọ́. Má bá wọn jiyàn bíi tèmi. Orúkọ yòówù tí wọ́n bá fi pè ọ́, ṣáà dá wọn lóhùn.

Bùrọ̀dá rẹ