Ewé Tí Lascelles Sá Sórí Páànù

Ivorine mi,

Ara mi le koko. Má wo bí lẹ́tà yìí ṣe rí wúruwùru. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, mo kàn fi ń dárà ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò jẹ́ kí n gun àkàbà já èso mọ́, mo wá jókòó bí ọba ní Kánádà níbí.

Alphanso aládùúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí jíṣẹ́ rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro mí. Ẹ̀gbọ́n mi Lascelles, tó gba oko igbó mi lọ́jọ́ tí mo wọ bàálù, tó tún ń já lẹ́tà mi kà kó tó gbé e fún ọ! Torí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìjọsí pé àṣírí Bàbá ni ká sá ewé sórí páànù lóòrùn ọ̀sán, ká dì í sínú ọ̀rá kíákíá. Ó sì ṣe é! Àwọn àgbà Rasta àdúgbò wa fà á, wọ́n wúkọ́ títí omi bọ́ lójú wọn: "Lascelles, ṣé ata lo gbìn ni?"

Gbé tiwa fún wọn lọ́jọ́ Àìkú, èyí tó rọra gbẹ lábẹ́ òjìji, tí o ń ṣí ìgò rẹ̀ lójoojúmọ́ kó lè mí. Kò ní ta wọ́n lọ́fun.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ kọ́kọ́ já lẹ́tà yìí: ẹ kú ikọ́ o. Ẹ lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa kí ẹ tó gbé e fún ìyàwó mi.

Clovis